Ìyá Ló Ni Ìran: Ìtàn Ẹṣin Trakehnen àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Abo Rẹ̀

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Prọ́ṣíà àtijọ́, ní ìtòsí ààlà Lituéníà, níbi tí òtútù ti ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi odò ń dì gbagidi bí òkúta, ni ìletò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trakehnen. Lónìí, abẹ́ Rọ́ṣíà ni ìletò náà wà, Yasnaya Polyana ni wọ́n sì ń pè é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ iyì ẹṣin ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó tí kò tíì gbọ́ orúkọ ti àtijọ́ náà, nítorí pé níbẹ̀ ni ìran ẹṣin kan ti ṣẹ̀, ẹṣin ọlọ́lá, abọrùn-gígùn, abojú-rogodo, arìn-bí-ẹni-tí-kò-fẹ́-tẹlẹ̀, tí ayé mọ̀ sí Trakehner. Ẹwà ẹṣin yìí kò ṣòro láti rí fún ẹni tí ó bá lójú. Ohun tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wádìí ni ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́sìn rẹ̀ fi pa ẹwà náà mọ́ láti ìran dé ìran, èyíinì ni ọgbọ́n yíyẹ abo ẹṣin wò fínnífínní kí wọ́n tó gbà pé ó tọ́ láti bímọ sínú ìdílé.

Kí Trakehnen tó wà ni ẹṣin ti wà ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ajagun onísìn ti Jámánì ṣẹ́gun àwọn ará Prọ́ṣíà ní ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n bá ẹṣin kékeré kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tí à ń pè ní Schwaike, ẹran tí kò ga, tí kò sì jọjú, ṣùgbọ́n tí ó lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì wá oúnjẹ púpọ̀. Lára ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tálákà yìí ni a ti rí ìfaradà tí ó wà nínú ẹṣin ọlọ́lá tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọba Friedrich Wilhelm Kìíní ti Prọ́ṣíà, tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọmọ ogun ju ìgbádùn ààfin lọ, ni ó rí i pé àwọn ajagun òun ń fẹ́ ẹṣin tí ó yára, tí ó sì lágbára, tí kò sì ní máa ná ìjọba ní owó púpọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó yan àbàtà ńlá kan láàárín Gumbinnen àti Stallupönen, ó kó àwọn ọmọ ogun síbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ kòtò tí omi yóò gbà ṣàn lọ, títí irà fi di pápá oko tútù. Ní ọdún 1732 ni wọ́n kó ẹṣin tí ó lé ní 1,000 wọ ibẹ̀ láti inú àwọn ọgbà ẹṣin ọba tí ó fọ́n káàkiri agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yàtọ̀ sí dídára: òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn wúwo bí ẹṣin akẹ́rù, òmíràn sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé inú ọgbà kan náà, a kò lè pè wọ́n ní ìdílé kan. Ní 1739 ọba fi ọgbà náà ta àrẹ̀mọ rẹ̀ lọ́rẹ, ẹni tí ó wá di Friedrich Kejì, ìyẹn sì ń pa owó púpọ̀ nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀.

Ẹ̀yìn ikú Friedrich Kejì ní 1786 ni ìtàn yípadà. Ọgbà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, wọ́n sì fi Graf Carl von Lindenau ṣe olórí ibẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kàkà tí ì bá fi máa ra ẹṣin kún ẹṣin, yíyọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn akọ, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn abo, tí ó lé kúrò nínú ọgbà nítorí pé wọn kò ní ìrísí tí ó yẹ. Iṣẹ́ tí ó le ni èyí, pàápàá níti àwọn abo, nítorí pé akọ kan ṣoṣo tí ó bá dára lè ràn ká gbogbo agbègbè, ṣùgbọ́n abo kan kì í bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún. Ẹni tí ó bá lé abo lọ, ọmọ ọ̀la ni ó ń lé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ Lindenau kò bojú wẹ̀yìn. Ó tún yọ̀ǹda kí abo àwọn àgbẹ̀ àdúgbò máa gùn lọ́dọ̀ àwọn akọ ìjọba, kí ire ọgbà má baà mọ sínú ọgbà. Ní 1787 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi irin gbígbóná sàmì sí itan ọ̀tún àwọn ẹṣin Trakehnen, àmì ìwo ẹranko igbó ńlá kan tí ó dà bí àgbọ̀nrín, tí ó ní ẹ̀ka méje. Láti ìgbà náà ni àmì ara ti di ẹ̀rí ìdílé.

Àwọn abo wọ̀nyí kì í gbé pọ̀ ní ìdàrúdàpọ̀. Agbo agbo ni wọ́n pín wọn sí gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara wọn, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, àwọn aláwọ̀ oríṣiríṣi náà lọ́tọ̀, agbo kọ̀ọ̀kan sì ní abúlé tirẹ̀ nínú ilẹ̀ ọgbà náà. Àṣà mìíràn tún wà tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú èmi: nígbà tí ọmọ ẹṣin bá dé ayé, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀. Teichrose ni ó bí Tempelhüter. Pechmarie ni ó bí Pythagoras. Abendluft ni ó bí Abglanz. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí wọ́n sì ń wò ní Trakehnen, ilé ìyá ni. Bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń tọ́ka sí orírun ẹni láàárín àwa Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ń tọ́ka, tí ẹni tí ó mọ ìwé ìran fi lè tọ ipasẹ̀ ìyá dé ìyá ìyá, títí yóò fi kan abo tí ó ti jẹ koríko pápá náà ní ayé àtijọ́.

Kí wá ni ìrísí tí wọ́n ń wá? Wọ́n fẹ́ orí tí kò sanra, iwájú orí tí ó fẹ̀, ojú ńlá tí ó mọ́lẹ̀, ọrùn gígùn tí ó jáde dáadáa láti èjìká, èjìká tí ó dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ líle tí iṣan rẹ̀ hàn gbangba, àti ìsáré fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń ta ẹṣin náà padà sókè. Kí wọ́n lè rí i, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin eré-ìje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ẹṣin Lárúbáwá nìkan ni wọ́n gbà láyè láti òde. Ní 1903 ni von Oettingen, olórí ọgbà nígbà náà, ra akọ kan tí ń jẹ́ Perfectionist láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni bàbá Tempelhüter tí a bí ní 1905, tí irú-ọmọ rẹ̀ gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ère idẹ rẹ̀ sí iwájú ilé olórí ọgbà ní 1932, nígbà àjọ̀dún igba ọdún.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo kọ́ ni ẹwà, nítorí ẹwà tí kò lè ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹwà lójú ọlọ́sìn. Àwọn kòtò tí ọmọ ogun ọba gbẹ́ láti fa omi kúrò ní àbàtà ni wọ́n fi dán àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin wò, tí wọ́n ń gùn wọ́n tẹ̀lé ajá ọdẹ kọjá kòtò lé kòtò. Ní 1926 wọ́n dá ibùdó ìdánwò àwọn akọ sílẹ̀ ní Zwion. Èso rẹ̀ hàn. Ẹẹ̀mẹsàn-án ni ẹṣin ìran yìí gba ipò kìíní nínú eré-ìje ńlá ti Pardubice láàárín 1921 àti 1936, eré tí a mọ̀ pé ó le jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù; ní Òlíḿpíìkì ti Berlin ní 1936, Nurmi àti Kronos, ọmọ Prọ́ṣíà Ìlà-Oòrùn ni àwọn méjèèjì, gba ẹ̀bùn wúrà. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn àgbẹ̀. Láti 1888 ni wọ́n ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ìwé ìran, nígbà tí ogun àgbáyé kejì sì fi máa bẹ̀rẹ̀, abo tí ó wà nínú ìwé náà ti ju 25,000 lọ, tí púpọ̀ nínú wọn ń fa ohun ìtúlẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń bí ẹṣin ọlọ́lá.

Ogun náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé náà run. Àwọn aláṣẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra àtisá, nítorí pé mímúra sá lójú wọn, gbígbà pé ogun ti ṣẹ́ ni. Oṣù Kẹwàá 1944 ni wọ́n tó gbà kí Dókítà Ernst Ehlert, olórí ọgbà tí ó kẹ́yìn, kó ẹṣin kúrò ní Trakehnen. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti ká ilẹ̀ náà mọ́, àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé kó ẹrù sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n so àwọn abo ẹṣin wọn, tí púpọ̀ nínú wọn lóyún, mọ́ ọn, wọ́n sì gba orí omi dídì Frisches Haff lọ, bí ọkọ̀ òfúrufú ti ń ju bọ́ǹbù láti òkè, tí yìnyín sì ń là lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó yè tún rin ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn. Nínú abo tí ó ju 25,000 lọ, àwọn tí ó dé apá ìwọ̀-oòrùn Jámánì kò tó 1,000. Nínú àwọn abo tí ọgbà Trakehnen fúnra rẹ̀ fi àmì sí, kò pé 30. Àwọn tí Rọ́ṣíà kó lọ bí ìkógun di ìpìlẹ̀ ọ̀sìn tuntun lọ́hùn-ún. Àní ère Tempelhüter pàápàá, Mọ́síkò ni wọ́n gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n bí iná kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní 1947, Fritz Schilke, Siegfried von Schrötter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Trakehner sílẹ̀. Wọ́n ń wá àwọn abo náà kiri láti oko dé oko, àwọn tí ó ti di ẹṣin akẹ́rù lọ́wọ́ àtìpó, wọ́n ń wo àmì itan, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì kó díẹ̀ jọ sí Hunnesrück àti Rantzau. Ẹ wo àdánwò tí ó dé bá wọn níhìn-ín: ẹni tí ó ní 25,000 lè lé 1,000 dànù láì mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ohun gbogbo tí ó kù fún un kò tó 1,000, ebi ń kìlọ̀ fún un pé kí ó gba ohunkóhun tí ó bá lè bímọ. Wọn kò gbà. Wọn kò ṣí ìwé ìran sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ àjèjì, wọn kò sì dẹ ìdánwò abo.

Ìdánwò náà ni ó wà títí dòní. Nígbà tí abo bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, olówó rẹ̀ a mú un wá síwájú àwọn onídàájọ́. Wọn a kọ́kọ́ mú un dúró lórí ilẹ̀ líle, wọn a wò ó níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́; lẹ́yìn náà ni wọn a mú un rìn, wọn a sì mú un sáré, kí wọ́n lè rí i bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ gbọọrọ. Máàkì tí kò ju 10 lọ ni wọ́n ń fún un lórí ohun kọ̀ọ̀kan: ìrísí ìran, ìṣètò ara, ẹsẹ̀, ìrìn, ìsáré, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe pé lápapọ̀. Ìrísí ìran ni ó ń ṣáájú, nítorí pé abo lè rìn dáadáa kí ó má sì jọ Trakehner, ọmọ rẹ̀ yóò sì mú ìran náà ṣáko díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó bá gba máàkì gíga ni ó ń wọ ìwé tí ó ga jù. Èyí tí ó bá sì tún yege nínú ìdánwò gígùn àti fífò ni wọ́n ń dá lọ́lá ní gbangba.

Àwọn kan ń sọ pé òfin yìí ti le jù, pé fífi ojú wo ẹwà lè mú kí a gbàgbé agbára. Ìtàn dá wọn lóhùn. Bí kò bá jẹ́ pé Lindenau lé àwọn abo tí kò yẹ lọ, tí àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀lé e, nítorí pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn tí ó kù díẹ̀ ní 1945 kì bá ti ní ohun tí wọn yóò fi tún ilé kọ́. Ọgbà ti bọ́, ilẹ̀ ti bọ́, ìwọ̀nba akọ ni ó kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìdájọ́ àádọ́jọ ọdún ti kó jọ wà nínú ara àwọn abo tí ń fa kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi sọ pé ìyá ni ó ni ìran, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohun rere tí òun ní pẹ́ láyé, ìgbà tí ó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó ti máa yan èyí tí ó dára jù lọ.