Ìwé Ẹ̀rí Odò: Bí Àwọn Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Gba Ohùn Lórí Omi Wọn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìròyìn kan jáde láti ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kà sí ohun kékeré. Ẹja ni ìròyìn náà dá lé. A rí ẹja sámọ́nì nínú omi tí ó ń ṣàn wọ odò Klamath, ní ibi tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò ti dé láti ọdún 1912. Inú òkun ni ẹja yìí ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìyẹ́yin rẹ̀ bá tó, a máa padà wọ odò tí a bí i sí, a sì máa wẹ̀ lọ sí òkè odò náà. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ògiri ìsédò, èyí tí a mọ̀ sí dáàmù, ni ó dí i lọ́nà. Nígbà tí a wó mẹ́rin nínú àwọn dáàmù náà tán ní ọdún 2024, ẹja náà kò dúró kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà fún un.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè kan wà nínú ìròyìn ẹja yìí tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó ń fi omi ṣe iná mànàmáná. Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti fún ilé-iṣẹ́ kan ní àṣẹ láti sé odò, ǹjẹ́ àwọn ènìyàn tí odò náà gba ilẹ̀ wọn kọjá ṣì ní ohùn bí? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí kan tí ìpínlẹ̀ ń fún ni lórí ìmọ́tótó omi ni ó fún wọn ní ohùn náà. Ìtàn bí ìwé yìí ṣe di ohun agbára, àti bí agbára náà ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lò ó lásìkò, ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Ní ọdún 1920 ni Ilé Aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí agbára omi, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa fúnni ní ìwé àṣẹ ìsédò. Ìwé àṣẹ kan lè wà fún 50 ọdún. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí a fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ti ní ọmọ-ọmọ kí àyè tó tún ṣí sílẹ̀ láti béèrè ohun tí dáàmù náà ń ṣe sí odò bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1977, ìgbìmọ̀ mìíràn tí a ń pè ní FERC gba iṣẹ́ yìí, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ di òní.

Kò pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ darí omi odò Cedar gba ọ̀nà mìíràn lọ sínú odò ńlá Mississippi, kí wọ́n lè fi í yí ẹ̀rọ iná. Òfin Iowa sì wí pé omi tí a bá mú nínú odò, inú odò kan náà ni a gbọ́dọ̀ dá a padà sí. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní ọdún 1946 ilé ẹjọ́ náà sì dájọ́ pé òfin ìpínlẹ̀ kò lè dènà ìwé àṣẹ tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fúnni. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé ní ti ọ̀rọ̀ dáàmù, ìpínlẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn odò Amẹ́ríkà ń bàjẹ́ sí i. Epo àti ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ kún inú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, odò Cuyahoga gbiná ní ìlú Cleveland. Omi ni gbogbo ayé mọ̀ sí ohun tí a fi ń pa iná. Nígbà tí omi fúnra rẹ̀ bá wá ń jó, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àfẹnusọ. Sẹ́nẹ́tọ̀ Edmund Muskie, ọmọ ìpínlẹ̀ Maine, wà lára àwọn tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ òfin tuntun. Èrò rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹni tí ó ń ba omi jẹ́ máa fi ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bojú. Ní ọdún 1970 èrò náà wọ inú òfin. Ní ọdún 1972 a tún un gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín 401 nínú òfin ńlá tí ó wà fún ìmọ́tótó omi. Ààrẹ Richard Nixon kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin náà nítorí owó tí yóò ná ìjọba, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn aṣòfin fi ìbò borí rẹ̀.

Ohun tí ìpín 401 wí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tọrọ ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ tí ó lè tú ohunkóhun sínú odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tí odò náà wà, pé iṣẹ́ náà kò ní tàpá sí ìlànà ìpínlẹ̀ náà lórí omi. Ìpínlẹ̀ lè fún un ní ìwé náà. Ó lè fún un pẹ̀lú àdéhùn. Ó sì lè kọ̀ pátápátá. Bí ó bá kọ̀, ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fúnni ní ìwé àṣẹ. Bí ó bá fi àdéhùn sí i, àdéhùn náà yóò di apá kan ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fi gbólóhùn kan tì í: bí ìpínlẹ̀ kò bá ṣe ohunkóhun láàárín ọdún kan tí ìbéèrè dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan dáàmù nínú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí? Omi kan náà tí ó wọlé ni ó ń jáde. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi tí a sé mọ́ ojú kan kì í rí bákan náà mọ́. Oòrùn a mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi a dín kù ní ìsàlẹ̀ adágún. Ewédò a hù bò ó lójú, nígbà mìíràn a sì ní oró nínú. Ẹrẹ̀ tí ó yẹ kí ó ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò a kó jọ sẹ́yìn ògiri. Bí a bá sì darí omi gba ibòmíràn lọ sí ìdí ẹ̀rọ, apá kan odò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Lórí èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí ni ẹjọ́ ti le jù. Ní ọdún 1990, ìpínlẹ̀ California fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ iná kan fi omi púpọ̀ sí i sílẹ̀ nínú odò Rock Creek ju èyí tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ lọ. Òfin ìpínlẹ̀ lásán ni California gbára lé, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá a lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Iowa. Adájọ́ Sandra Day O'Connor ni ó kọ ìdájọ́ náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlú Tacoma àti ilé-iṣẹ́ iná ti àgbègbè Jefferson, ní ìpínlẹ̀ Washington, fẹ́ yọ omi nínú odò Dosewallips, kí wọ́n fi yí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dá a padà sí ìsàlẹ̀. Láàárín ibi méjèèjì, nǹkan bí máìlì 1.2, omi díẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù fún ẹja. Ìpínlẹ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí pé omi ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 100 sí 200 kúbíìkì fíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà bá ti rí nínú ọdún. Àwọn tí ó fẹ́ kọ́ dáàmù náà sọ pé ìmọ́tótó omi ni iṣẹ́ ìpínlẹ̀, pé bí omi ti pọ̀ tó kò kàn án. Adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án kò gbà fún wọn. Wọ́n ní bí omi bá dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí odò kò fi wúlò fún ohun tí a yà á sọ́tọ̀ fún mọ́, a ti ba omi náà jẹ́. Adájọ́ O'Connor kan náà ni ó tún kọ ìdájọ́ yìí. Adájọ́ kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi tí yóò ṣẹ́kù nínú odò kò yàtọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ Washington ni kò sí lọ́wọ́ California.

Ní ọdún 2006, ọ̀rọ̀ kan náà dé Maine, ìpínlẹ̀ Muskie. Ilé-iṣẹ́ S. D. Warren, tí ó ní dáàmù márùn-ún lórí odò Presumpscot, jiyàn pé dáàmù kò tú ohunkóhun sínú odò, omi kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Gbogbo àwọn adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé omi tí ó ń tú jáde láti ara dáàmù wà lábẹ́ òfin náà. Nítorí náà ìpínlẹ̀ Maine ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ pé kí omi tí ó tó máa ṣàn, kí ẹja sì rí ọ̀nà kọjá.

A lè rò pé ìjà ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ọdún kan nì ṣì wà nínú òfin, odò Klamath ni ó sì fi hàn bí ó ti mú tó. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ bíi Yurok, Karuk àti Hoopa ti ń jẹ ẹja àgbègbè yìí láti ìrandíran. Ní ọdún 2002, nígbà tí omi dín kù tí ó sì gbóná, ẹja tí ó lé ní 30,000 kú ní ìsàlẹ̀ odò náà. Ìwé àṣẹ àwọn dáàmù náà parí ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Oregon àti California. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti fẹ́ pé, ilé-iṣẹ́ náà yóò fa ìbéèrè rẹ̀ padà, yóò sì tún fi ìwé kan náà ránṣẹ́, kí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mìíràn. Ní ọdún 2010, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì àti ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pé kí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí dúró ná, nígbà tí wọ́n ń jíròrò bí a ó ti wó àwọn dáàmù náà. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ní kí a jẹ èkuru kí ó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Wọ́n ń gbọn ọwọ́ sínú àwo ní ọdọọdún, fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá, dáàmù sì ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ àṣẹ àtijọ́.

Àwọn ènìyàn Hoopa, tí kò sí nínú àdéhùn náà, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, dájọ́ pé ọdún kan ni òfin wí, ọdún kan náà ni ó jẹ́. Ẹ̀tọ́ Oregon àti California lórí ìwé àṣẹ tuntun náà ti bọ́. Kì í ṣe ọ̀tá odò ni ó gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìfàsẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ni. Ọ̀nà mìíràn ni a gbà kí àwọn dáàmù náà tó wó: àdéhùn tuntun ní ọdún 2016, àti àṣẹ FERC ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àní fún ìwówó pàápàá, a kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí omi lọ́wọ́ Oregon ní ọdún 2018 àti lọ́wọ́ California ní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí á wá bojú wo apá ìhín. Ghana parí dáàmù Akosombo ní ọdún 1965, nǹkan bí 80,000 ènìyàn sì fi ilé sílẹ̀ fún adágún rẹ̀. Nàìjíríà parí ti Kainji ní ọdún 1968, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Iná tí ó ti ibẹ̀ wá tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlú púpọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fojú di oore náà. Ṣùgbọ́n olú-ìlú ni a ti pinnu. Nígbà tí a ṣí omi Akosombo sílẹ̀ ní ọdún 2023, tí àkúnya lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní ìsàlẹ̀ odò Volta, a tún rántí ẹni tí ó ń ru ẹrù ìpinnu bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ṣe òfin àyẹ̀wò àyíká ní ọdún 1992, tí ó fi dandan lé àyẹ̀wò kí a tó kọ́ dáàmù ńlá. Ìlọsíwájú ni èyí, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ náà ni òfin yìí fi ìpinnu sí lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Èkíní ni pé ohùn tí kò sí nínú òfin, bí ó ti wù kí ó dùn tó, kò lè dá omi dúró. Iowa àti California rí i bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé ohùn tí ó wà nínú òfin pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀, bí ọjọ́ náà bá sì kọjá, ohùn náà kọjá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Odò kì í dúró de ẹni tí ó ń ronú létí rẹ̀.