Dídìde àti Jíjí: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan ní Ilẹ̀ Àkókó

Èdè abẹ́lé Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà kò bá Yorùbá inú Bíbélì mu ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n àdúrà kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí olúkúlùkù ń lọ sùn, wọn a ní kí àjíǹde ara ó máa jẹ́. Kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ibojì. Ara líle ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń tọrọ. Àjíǹde yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá fi túmọ̀ anastasis, ọ̀rọ̀ tí ó ti ara anistemi jáde.

Ìdúró ni ìpìlẹ̀ anistemi: ana ni "sókè", histemi ni "mú dúró". Nínú Iliad, òun ni Homer lò nígbà tí Calchas aríran dìde láàrin ìpàdé láti sọ̀rọ̀. Ó tún ní ojú mìíràn tí àwọn olùkọ́ ìsìn kì í sábà mẹ́nu bà. Thucydides òpìtàn lò ó fún àwọn ará Boeotia, tí àwọn ará Thessaly lé kúrò ní Arne ní 60 ọdún lẹ́yìn tí Troy ṣubú. Láti mú ìlú dìde, lọ́nà yìí, ni láti tú u. Àwọn àgbà Àkókó kò wá alálàyé fún èyí: ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn gun orí òkè, kí Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú, olórí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì náà, tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884, ni ogun tú kúrò ní Òṣogùn ní 1821.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àjíǹde àti anastasis dọ́gba ti sọ àsọdùn. Jí ni ó ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Egeiro, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kejì tí Májẹ̀mú Titun ń lò fún àwọn òkú tí ó dìde, ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí ìtají ni ìtumọ̀ rẹ̀. Títú ìlú ti sọnù pátápátá. Èrè rẹ̀ kò kéré ṣá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wàásù Jésù àti anastasis ní Átẹ́nì, Chrysostom ní àwọn kan rò pé òrìṣà obìnrin ni Anastasis. Kò sí ẹni tí yóò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀kà. Ní alẹ́ àná ni ó fi ọ̀rọ̀ náà sin aládùúgbò rẹ̀ lọ sùn.