Ìṣọ̀ṣọ́ Kéèkì Ọjọ́ Ìbí ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Kéèkì ọjọ́ ìbí tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nílé ni àkàrà òyìnbó tí ẹni tó yan án fúnra rẹ̀ kùn ní bọ́tàkírìmù, ìyẹn bọ́tà àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí a lù pọ̀ títí tí ó fi fẹ́lẹ́, tí ó sì lè wá fi fọ́ńdáǹtì, ìyẹn ìṣù ṣúgà rírọ̀ tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ, bò ó lórí. Ní Ìkìrun, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, àti ní Ìníṣà àti Òkukù tí wọ́n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun tó ń darí iṣẹ́ yìí ju owó lọ ni ooru àti iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan. Bọ́tà gidi a máa yọ́ láàrin ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta lè gbóná dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí aláṣe tó mọṣẹ́ fi ń yan kéèkì lálẹ́, tí ó sì ń kùn ún ní òwúrọ̀ kùtù.

Áísìnì líle, tí a fi funfun ẹyin àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú pò, ni àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn aláṣe kéèkì ní Nàìjíríà, pàápàá fún ìgbéyàwó. Ó máa ń gan paali bí ó bá gbẹ, ooru kò sì rí i gbé ṣe. Fọ́ńdáǹtì gba ipò rẹ̀ nítorí pé ó rọ̀ láti gé, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Kéèkì tí yóò ru fọ́ńdáǹtì kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù. Irú èyí tí ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìwọ̀n a máa ki, ó sì lè dúró lábẹ́ ẹrù, nígbà tí èyí tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ lè rì kí àlejò tó dé. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó fi ọ̀bẹ eléyín gé orí rẹ̀ tó yọ gọngọ kúrò.

Ìlàjì kílò bọ́tà sí kílò kan ṣúgà ni ìwọ̀n bọ́tàkírìmù tí ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, mágárínì tí wọ́n ṣe fún kéèkì, tàbí ọ̀rá funfun tí a fi rọ́pò apá kan bọ́tà náà, ni kì í tètè yọ́. Bọ́tà nìkan ni a kọ́kọ́ ń lù, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, kí a tó máa bu ṣúgà tí a ti jọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fánílà àti mílíìkì ṣíbí kan tàbí méjì bí ó bá le jù. Ìpele àkọ́kọ́ tí a ń fi kun kéèkì kì í nípọn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó di èérún mú kí ó má baà hàn nínú ìpele kejì; lẹ́yìn rẹ̀ ni kéèkì yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 nínú fíríìjì, tàbí nínú kúlà tí a kó omi dídì sí bí kò bá sí iná.

Àwọ̀ ìyeyè inú mágárínì ni ó ń da ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láàmú: wọn a da búlúù sí i fún kéèkì ọmọkùnrin, àwọ̀ ewé ni yóò sì jáde. Kí a lù ú pẹ́, kí a sì fi orí ìtayín tọ́ àwọ̀ àlùkò bíńtín sí i, nítorí àlùkò ni ó ń pa ìyeyè, lẹ́yìn náà ni kí a wá da búlúù. Àwọ̀ kíki sì sàn ju olómi lọ, nítorí omi a máa dẹ bọ́tàkírìmù.

Fọ́ńdáǹtì wà fún títà nínú ike, ṣùgbọ́n èyí tí a pò nílé kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́látìnì ṣíbí ńlá kan ni a ń rẹ sínú omi tútù bíi mílílítà 60, a ó gbé e ka omi gbígbóná títí yóò fi yọ́, a ó fi gúlúkóòsì olómi mílílítà 120, gìlísẹ́ríìnì ṣíbí kan àti ọ̀rá ṣíbí méjì sí i, a ó sì wá fi kílò kan ṣúgà lẹ́búlẹ́bú pò ó. Gúlúkóòsì kì í jẹ́ kí ṣúgà padà di hóró, gìlísẹ́ríìnì ń mú un rọ̀, jẹ́látìnì sì ń jẹ́ kí ó nà láì já. Láti ara awọ àti egungun ẹran ni a ti ń fa jẹ́látìnì yọ, ó sì lè jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé agbo ilé kan náà, tí wọ́n sì jọ ń jẹ kéèkì kan náà, dandan ni kí aláṣe ka ara páálí kí ó tó rà á.

Orí tábìlì tí a fọ́n kọ̀nfúláwà sí ni a ti ń tẹ́ fọ́ńdáǹtì, kí ó nípọn tó mílímítà 3 sí 4, kí a tó gbé e bo kéèkì, kí a sì fi ọwọ́ ra á láti orí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Abẹ́rẹ́ mímọ́ ni a fi ń gún ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí. Nígbà ọyẹ́, ojú fọ́ńdáǹtì a máa sán bí a kò bá tètè bò ó, ọ̀rá díẹ̀ ni a ó sì fi pò ó padà. Nígbà òjò, ṣe ni ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí tó bá ti inú fíríìjì jáde a máa làágùn, kò sì yẹ kí a fọwọ́ kàn án títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ọ̀ṣọ́ tó wuyì jù ni ti àwọn àgbà tó pé ọdún 60 tàbí 70, tí a máa ń fi gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tàbí gángan dárà sí kéèkì wọn. Láti ṣe aṣọ òkè, a ó gé fọ́ńdáǹtì aláwọ̀ oríṣiríṣi ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó tò wọ́n ti ara wọn, a ó yí igi lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n lè so pọ̀, a ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà òwú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà béèrè irú èyí. Ní Òkukù, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006 wà, kéèkì kékeré tó wọ inú ike oúnjẹ, tí bọ́tàkírìmù nìkan wà lórí rẹ̀, ni ó bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu.

Inú láílọ́ọ̀nù tí a gé etí rẹ̀, tàbí tí a ki nọ́súlù onírin bọ̀ lẹ́nu, ni a ń rọ bọ́tàkírìmù sí láti fi kọ orúkọ. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò gbà ju ìtẹ̀ kan lọ, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ń fò, ó sì ń dun ni láti rí Ṣọlá tó di Sola lórí kéèkì tí gbogbo nǹkan yòókù ti pé.

Bí kéèkì alájà méjì bá ń ti Ìkìrun lọ sí Ìníṣà tàbí Òkukù, kí ìkọ̀ọ̀kan dá wà lórí páálí tirẹ̀ ni ó dára, kí a tò wọ́n lé ara wọn níbi àríyá lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti gún sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ́jú sàn ju itan lọ, ọ̀kadà kò sì yẹ rárá. Fọ́ńdáǹtì tó bá ṣẹ́kù, láílọ́ọ̀nù méjì ni a fi ń wé e kí a tó dé e mọ́nú ike, láì gbé e sí fíríìjì, a ó sì tún un pò kí a tó lò ó.