Wàrà Kíkan: Láti Oúnjẹ dé Oògùn Inú
Oúnjẹ ni wàrà kíkan kí ó tó di oògùn inú. Ní 1905, Stamen Grigorov rí bakitéríà tó ń sọ wàrà Bùlgáríà di kíkan. Élie Metchnikoff, ní Paris, gbà pé yóò borí àwọn kòkòrò tó ń ba ìfun jẹ́. Ní 1919, Isaac Carasso bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yógọ́ọ̀tì ní Barcelona. Ilé oògùn ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn ọmọ tí inú ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Leo Rettger, ní Yale, fi hàn pé bakitéríà yìí kì í fìdí kalẹ̀ nínú ìfun. Èyí tó lè dé ibẹ̀ láàyè ni Minoru Shirota wá, tí ó sì rí ní Kyoto ní 1930. Nítorí náà, bí a bá ní wàrà kíkan ń tu àgbàlagbà nínú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè: bakitéríà wo ni?