Mú Ẹlẹ́wọ̀n Náà Wá: Òfin Habeas Corpus àti Ẹjọ́ Elékòó

Àwọn àgbà a máa wí pé, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ti ènìyàn mọ́lé, tí adájọ́ kò sì rí ojú rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀? Èyí ni àwa fẹ́ bá yín rò lónìí.

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìwé àṣẹ kan tí à ń pè ní habeas corpus ní èdè Látìnì. Ẹni tí ó di ènìyàn mú ni a ń kọ ọ́ sí, pé kí ó mú ẹni náà wá síwájú adájọ́, kí ó sì sọ òfin tí ó fi dì í mú. Ṣùgbọ́n àwọn onítúbú a máa fi falẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe òfin ní ọdún 1679: bí ọ̀nà kò bá ju 20 máìlì lọ, ọjọ́ 3 ni a fi fún onítúbú, bí kò bá ju 100 máìlì lọ, ọjọ́ 10, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 20. Ẹni tí ó bá kọ̀ yóò san £100 fún ẹlẹ́wọ̀n náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní oṣù August, 1925, Ìjọba lé Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ní a ti rọ̀ ọ́ lóyè, àti pé àṣà ilẹ̀ béèrè pé kí ó kúrò ní ìlú. Àwọn ènìyàn ọba, tí Herbert Macaulay wà nínú wọn, tọrọ habeas corpus. Adájọ́ kan kọ̀. Nígbà tí wọ́n tọ òmíràn lọ, ilé ẹjọ́ ní kíkọ̀ ti àkọ́kọ́ ti tó. Wọ́n gbé e dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù. Ní ọdún 1928, Ìgbìmọ̀ náà dáhùn pé olúkúlùkù adájọ́ tí a bá tọ̀ lọ ní láti gbọ́ ọ.

Èkó tún dá wọn lẹ́bi. Wọ́n tún padà sí Lọ́ńdọ́nù. Ní ọdún 1931, Lord Atkin là á yé gbogbo ènìyàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu Ìjọba nìkan kò tó. Ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wádìí: ǹjẹ́ olóyè ni ọkùnrin yìí? Ǹjẹ́ a rọ̀ ọ́ lóyè nítòótọ́? Ǹjẹ́ àṣà béèrè pé kí ó kúrò? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Gómìnà kò ní agbára lórí rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ọba padà sí Èkó. Ó wàjà ní ọdún 1932.

Lónìí, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 35, pàṣẹ pé kí a mú ẹni tí a fi ẹ̀sùn mú wá sí ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 1 bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà. Bí kò bá sí, ọjọ́ 2, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́. Síbẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa lọ tí a kò tí ì dá lẹ́jọ́.

Òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ènìyàn ni í gbé e rìn. Elékòó ní ìlú kan lẹ́yìn, ó sì gbà á ní ọdún mẹ́fà. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tí kò ní ẹnìkan ńkọ́? Nítorí náà, nígbà tí a bá lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mọ sí búrẹ́dì àti ọṣẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé: Ọjọ́ wo ni o rí adájọ́ gbẹ̀yìn? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú un tọ agbẹjọ́rò lọ.