Iṣẹ́ Olóòlà

Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọkọ́ tí kò dára, yóò tún un fi sínú iná. Bí ahunṣọ bá hun aṣọ tí kò gún, ó lè tú u. Olóòlà nìkan ni kò ní ibi tí yóò gbà tún tirẹ̀ ṣe, nítorí ojú ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń fi abẹ kọ.

Ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe wọ ààfin Ọ̀yọ́. Ṣàngó rán ìránṣẹ́ méjì lọ sí ilẹ̀ Tápà, ní ìlú ìyá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ náà dáradára. Èkejì kò jẹ́ ẹ bí ó ti yẹ, ọba sì ní kí a fi abẹ sín in ní ọ̀nà 122 káàkiri ara. Nígbà tí egbò náà jinná, àpá rẹ̀ wu àwọn olorì. Wọ́n ní irú ẹwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹrú, ọba ni ó yẹ. Ṣàngó gbà, a pe olóòlà méjì, ṣùgbọ́n kábíyèsí kò lè fara da ju ìlà gbọọrọ méjì lọ ní apá kọ̀ọ̀kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, a kò lè fi ọdún sí i. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó jẹ́wọ́ pé abẹ olóòlà a máa dun ọba pàápàá.

A kì í ṣàdédé di olóòlà. Iṣẹ́ ìdílé ni, Ògún tí ó ni irin ni wọ́n sì ń bọ. Ọmọ a máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ káàkiri, a máa wo ọwọ́ rẹ̀, a sì máa kọ́ bí a ti ń fi omi ìgbín tu ojú egbò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó. Ó ní láti mọ ilà ilé oníkálukú. Òòró ni pélé, ìbú ni àbàjà, ìlà gígùn kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ti Oǹdó. Olóòlà tí ó bá ṣì í kọ ti sọ ọmọ di ti ilé ẹlòmíràn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ayé ogun àti òwò ẹrú. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, àwọn akọ̀wé a máa kọ ilà ara wọn sínú ìwé. Ní Bràsíl, olówó ẹrú tí Nàgó rẹ̀ bá sá lọ a máa kéde ilà ojú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ tí olóòlà ṣe ní ìlú rẹ̀, àjèjì ń kà á ní òdìkejì òkun.

Ọ̀tọ̀ ni kóló. Ara ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ní ilẹ̀ Ègbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí, àti ní Ọ̀họ̀rí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Olóòlà a sín ọ̀nà wẹ́wẹ́, a fi dúdú èédú pa á, àwòrán alángbá tàbí igi ọ̀pẹ a sì yọ. Ọmọbìnrin tí ó ti tó lọ́kọ ni ó ń jókòó fún un, kí ayé lè rí i pé ó lè fara da ìrora, torí ìrọbí ń bọ̀. Èyí ni ó sún mọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ ya tatú fún àgbàlagbà ní Èkó nísinsìnyí.

Ọmọ ọwọ́ tí a kọ nílà ní tirẹ̀ kò jókòó fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni a di í mú. Nítorí náà ni mo fi gbà pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tọ̀nà. Ó ka ilà àti tatú léèwọ̀ fún ọmọdé. Ìtanràn rẹ̀ kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Olóòlà ni ó ń dá abẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òfin 2015 ti ka ti ọmọbìnrin léèwọ̀, ọ̀pọ̀ òbí sì ń gbé ọmọkùnrin wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí àgbà tí ó kọlà bá wà ní ilé yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní orúkọ ilà náà, kí ẹ sì bi í bóyá ó tún mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.