Ìpín Àjùmọ̀lò Lórí Háàdì Díìsìkì

Ìpín àjùmọ̀lò ni apá háàdì díìsìkì tí a yà sọ́tọ̀ kí ètò ìṣiṣẹ́ méjì tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà lè jọ máa ka fáìlì ibẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa kọ sí i. Orí kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux pọ̀ ni ó ti wọ́pọ̀ jù.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé ètò kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tó fi ń to fáìlì. NTFS, tó bá Windows NT 3.1 jáde ní 1993, ni Windows ń lò. Ext4 ló wọ́pọ̀ lórí Linux. Linux lè ka NTFS, ṣùgbọ́n Windows fúnra rẹ̀ kò lè ka ext4.

Ìlànà mẹ́ta ni a sábà máa ń yàn nínú wọn. FAT32, tó jáde ní 1996, kò ṣòro fún ètò kankan láti kà, àmọ́ kò gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì 4. exFAT, tí Microsoft gbé jáde ní 2006, mú ìdíwọ́ yìí kúrò, Linux 5.4 ti ọdún 2019 sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í kọ ìyípadà sílẹ̀ kó tó ṣe é bí NTFS ti ń ṣe, nítorí náà fáìlì lè tètè bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì. Linux 5.15 ti ọdún 2021 ní irinṣẹ́ tuntun tó ń ka NTFS, tó sì ń kọ sí i. Nítorí èyí, NTFS ló dára jù fún díìsìkì inú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fẹ́ lo díìsìkì náà pẹ̀lú macOS, exFAT ló yẹ, torí macOS ń ka NTFS ṣùgbọ́n kì í kọ sí i.

Láti rí àyè fún ìpín àjùmọ̀lò, Disk Management, irinṣẹ́ inú Windows, ni a fi ń dín ìpín Windows kù. GParted ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Linux. Àtẹ ìpín MBR ti 1983 kò gbà ju ìpín àgbà 4 lọ, nígbà tí GPT gba 128 lórí Windows. Láti Windows 8 ni Fast Startup kì í ti í jẹ́ kí Windows kú tán bí a bá pa á, Linux sì sábà máa ń kọ̀ láti kọ nǹkan sí ìpín NTFS tó bá wà ní ipò yẹn. Ẹ kọ́kọ́ pa Fast Startup, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fáìlì yín síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ìpín kankan: bí díìsìkì bá bàjẹ́, gbogbo ìpín inú rẹ̀ ló máa bá a lọ.